Ẹ̀bùn Ẹ̀jẹ̀ àti Ìmọ̀ tí ó Sọ Ọ́ di Oògùn

Oríṣiríṣi ni oògùn tí ó wà ní ilé ìwòsàn. Òmíràn ti ara ewé wá, òmíràn ti ara egbò igi wá, òmíràn sì jẹ́ èyí tí àwọn onímọ̀ pò pọ̀ ní ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn kan wà tí ilé-iṣẹ́ kankan ní ayé kò tíì lè dá ṣe kí ó tó àwọn aláìsàn lò. Oògùn náà ni ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Bí olówó ti lówó tó, bí ọba sì ti lágbára tó, bí ẹ̀jẹ̀ bá tán lára rẹ̀, àfi kí ènìyàn bíi tirẹ̀ fún un nínú ti ara rẹ̀. Ẹ̀bùn ni ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀bùn yìí yàtọ̀ sí ẹ̀bùn iṣu tàbí ẹ̀bùn aṣọ, nítorí pé bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò láàárín ẹni tí ó fún ni àti ẹni tí ó gbà á, ẹ̀bùn náà lè di ikú. Ìmọ̀ ni ó sọ ẹ̀jẹ̀ di oògùn, ìmọ̀ náà kì í sì í ṣe èyí tí a lè kọ́ ní ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Lákọ̀wé ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú yìí, tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe ẹni tí ó mọ ìwé, wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Lẹ́kìí lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ó bá ti Ajah ń bọ̀ yóò kọjá Sangotedo àti Awoyaya kí ó tó dé ibẹ̀. Ọ̀sà wà ní apá àríwá rẹ̀, òkun sì wà ní apá gúúsù. Ní àtijọ́, ẹja pípa, oko ẹ̀gẹ́ àti àgbọn ni iṣẹ́ àwọn ará agbègbè náà. Lónìí, ilé tuntun ń yọ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọdún 2023 ni a ṣí èbúté ńlá ti Lẹ́kìí àti ilé ìfọpo Dangote, àwọn ọkọ̀ àjàgbé sì ń gba ojú ọ̀nà kan náà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn oníṣòwò ń gbà.

Ibi tí ènìyàn bá ti ń pọ̀ ni a ti ń nílò ẹ̀jẹ̀. Aláboyún lè bímọ tán ní òru kí ẹ̀jẹ̀ má sì dá. Ibà lè mú ọmọ kékeré títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò sì funfun. Ọkọ̀ lè kọlu ọlọ́kadà. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè ṣàìsàn lójijì. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì bí kò bá rí ìtọ́jú. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn ẹbí a máa sáré káàkiri, wọn a ká apá aṣọ wọn sókè, wọn a ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa tèmi.” Ìfẹ́ ni ó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò tó. Kí ìdí rẹ̀ tó lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Bí ìyá ológì bá sẹ́ ògì tán, tí ó sì gbé e kalẹ̀ nínú ìkòkò, ògì yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀, omidùn yóò sì lé sí òkè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ rí. Bí a bá fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ó dì sí i, tí a sì gbé e sínú ẹ̀rọ tí ó ń yí kíákíá bí òòyì, yóò pín sí ipele mẹ́ta. Ní ìsàlẹ̀ ni àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ pupa wà. Àwọn ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú láti ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Ní àárín ni ipele tín-ín-rín kan wà. Ibẹ̀ ni àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ funfun wà, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun ara, àti àwọn hóró wẹ́wẹ́ tí ó ń dí ojú ọgbẹ́. Ní òkè pátápátá ni omi kan wà, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko gbígbẹ. Omi yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní plásímà. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì gbogbo ẹ̀jẹ̀. Àwọn àgbà kì í da omidùn nù, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń rẹ egbò àti ewé fún àgbo. Ó yẹ kí a fi èyí sí ọkàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń wá ọ̀nà láti fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára. Ní ọdún 1667, Jean-Baptiste Denis, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn sí ènìyàn lára. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, a sì fi òfin de iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1818, James Blundell, dókítà tí ó ń gbẹ̀bí ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sí ènìyàn lára, nítorí àánú àwọn obìnrin tí ó ń rí tí wọ́n ń kú lórí ìkúnlẹ̀. Nínú àwọn tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún, àwọn kan yè, àwọn mìíràn sì kú. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Karl Landsteiner ni ó tú àdììtú náà ní ìlú Vienna ní ọdún 1901. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ń po ti ẹnìkan mọ́ ti ẹlòmíràn, ó sì rí i pé nígbà mìíràn wọn a dàpọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà mìíràn wọn a ṣù pọ̀ bí ẹ̀kọ tí ó di kókó. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ní ìsọ̀rí: A, B àti O. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a rí ìkẹrin, èyí tí í ṣe AB. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ ìsọ̀rí A sí ẹni tí ó jẹ́ B lára, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ yóò dìde sí i, wọn yóò fọ́ ọ, kíndìnrín aláìsàn náà lè dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lè kú. Nítorí náà ni ọkọ kò fi lè sọ pé nítorí pé òun fẹ́ràn aya òun, ẹ̀jẹ̀ òun yóò bá tirẹ̀ mu. A fún Landsteiner ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1930. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, ni gbogbo ayé fi ń ṣe àjọ̀dún àwọn tí ó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ.

Ní ọdún 1914, Albert Hustin ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù àti Luis Agote ní Ajẹntínà rí i pé iyọ̀ kan tí à ń pè ní sítíréètì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Láti ìgbà náà, kò di dandan mọ́ kí ẹni tí ó ń fún ni ní ẹ̀jẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó ń gbà á. A lè gba ẹ̀jẹ̀ lónìí, kí a tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí ó tutù, kí a sì lò ó fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa lè pẹ́ tó ọjọ́ 35 tàbí ọjọ́ 42, gẹ́gẹ́ bí omi tí a fi tọ́jú rẹ̀ bá ti rí. Àwọn hóró wẹ́wẹ́ kì í sábà kọjá ọjọ́ márùn-ún sí méje. Plásímà tí a mú dì bíi yìnyín lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1940 ni Landsteiner àti Alexander Wiener kéde ohun mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n pè ní Rh. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó ní in. Bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní in. Bí obìnrin tí kò ní in bá lóyún ọmọ tí ó ní in, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè kán sí ti ìyá nígbà ìbímọ. Ara ìyá yóò ka ẹ̀jẹ̀ náà sí ọ̀tá, yóò sì kó ọmọ ogun jọ dè é. Àkọ́bí lè yè, ṣùgbọ́n bí oyún tí ó tẹ̀ lé e bá tún ní Rh, àwọn ọmọ ogun náà yóò kọlù ú nínú ọlẹ̀. Ní àtijọ́, bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá ń bímọ tí wọ́n ń kú, àbíkú ni wọn yóò sọ pé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọn yóò sì máa kó ẹbọ lọ sí oríta. Láti ọdún 1968 ni a ti ní abẹ́rẹ́ kan tí à ń pè ní anti-D. Bí a bá fún ìyá náà ní abẹ́rẹ́ yìí láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ, ara rẹ̀ kì í sábà kó ọmọ ogun náà jọ mọ́. Láti inú kí ni a ti ń ṣe abẹ́rẹ́ náà? Láti inú plásímà àwọn ènìyàn mìíràn ni.

Plásímà, tí ó jọ omi lásán lójú, kún fún ohun iyebíye. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Charles Drew, dókítà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ṣètò bí a ti ń kó plásímà jọ púpọ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1940. Ní àkókò kan náà, Edwin Cohn ní Harvard rí i pé bí a bá fi ògidì ọtí sí plásímà nínú òtútù líle, tí a sì ń yí ìwọ̀n ọtí àti òtútù náà padà díẹ̀díẹ̀, ohun inú rẹ̀ yóò máa jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni a ṣe rí albumin, tí a fi ń tọ́jú ẹni tí iná jó. Báyìí náà ni a ṣe rí immunoglobulin, èyí tí a fi ń ran ọmọ tí a bí láìní ọmọ ogun ara lọ́wọ́. Ẹni tí ajá dìgbòlugi bá bù jẹ lè nílò irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1960, Judith Pool ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé bí a bá yọ́ plásímà dídì ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohun kan a máa kù sí ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀. Ohun náà ni ó kún fún èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì di ìgbàlà fún àwọn tí ó ní hemofílíà, àrùn tí kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Ṣùgbọ́n ibi tí ire wà ni ewu náà wà. Kí oògùn plásímà tó pọ̀, a ní láti po plásímà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pọ̀ sínú agbada kan ṣoṣo. Bí ẹnìkan nínú wọn bá ní àrùn, gbogbo agbada ni ó lè bà jẹ́. Èyí ni ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Àwọn tí ó ní hemofílíà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Faransé, Jàpáánì àti ibòmíràn gba oògùn tí ó yẹ kí ó mú wọn yè, wọ́n sì ti ara rẹ̀ kó kòkòrò éèdì àti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí Brian Langstaff ṣe alága rẹ̀ gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ pé ó lé ní 30,000 ènìyàn tí ó ti ara ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ kó àrùn, àti pé nǹkan bí 3,000 ti kú. Ó tún sọ pé a ti kìlọ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́ kò gbọ́. Lónìí, a ń fi ooru àti kẹ́míkà pa kòkòrò inú oògùn plásímà, a sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù wò fún kòkòrò éèdì, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B àti C, àti sífílíìsì kí a tó lò ó. Síbẹ̀, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àrùn lè wà láàárín àkókò kúkúrú tí àyẹ̀wò kò tíì lè rí i. Ìdí nìyí tí a fi ń bi olùtọrẹ ní ìbéèrè púpọ̀ kí a tó gún un ní abẹ́rẹ́, tí ó sì yẹ kí ó sọ òtítọ́.

Ẹni tí yóò ṣe alábòójútó irú iṣẹ́ báyìí kò lè jẹ́ ẹni tí ó gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà méjì ni ó wọ inú ẹ̀kọ́ náà ní Nàìjíríà. Ọ̀nà kìíní ni ti dókítà. Yóò lo nǹkan bí ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, yóò ṣiṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ àwọn àgbà dókítà, yóò sì ṣe agùnbánirọ̀ fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ ilé ìwòsàn ńlá tí a ti ń kọ́ni, bí irú èyí tí a ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1957 tàbí èyí tí ó wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i. Yóò ṣe ìdánwò National Postgraduate Medical College, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, tàbí ti West African College of Physicians, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1976. Ọ̀nà kejì ni ti onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò. Òun yóò gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, yóò ṣiṣẹ́ láti kọ́ ọwọ́, yóò sì padà wá gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti fífa ẹ̀jẹ̀ sí ni lára. Bí ó bá fẹ́, yóò tẹ̀ síwájú dé oyè ọ̀mọ̀wé.

Kí ni wọ́n ń kọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Wọ́n ń kọ́ bí a ti ń dán ẹ̀jẹ̀ olùtọrẹ wò mọ́ ti aláìsàn, àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe bí méjèèjì bá kọ̀ láti bára mu ní agogo méjì òru. Wọ́n ń kọ́ bí a ti ń pa òtútù mọ́ láti ilé tí a ti gba ẹ̀jẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Wọ́n ń kọ́ ìgbà tí ó yẹ kí a má fún ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀ rárá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ń ṣe ìwádìí. Ìbàdàn ti ní orúkọ nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tipẹ́: láti ọdún 1964, fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, Lucio Luzzatto, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, wádìí níbẹ̀ bí ó ti jẹ́ pé hóró ẹ̀jẹ̀ pupa àwọn kan kì í gba kòkòrò ibà láyè.

Àwọn ará ibòmíràn kò lè bá wa ṣe gbogbo ìwádìí náà tán. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a sì ń bí pẹ̀lú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Olu Akinyanju, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìṣègùn, torí wọn dá Sickle Cell Foundation sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1994. Ẹni tí ó bá ní àrùn yìí lè gba ẹ̀jẹ̀ nígbà púpọ̀ ní ayé rẹ̀, bí ó bá sì ti ń gbà á, ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn àmì kéékèèké tí àyẹ̀wò A, B àti O kò fi hàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àwọn tí ó ń bójú tó ẹ̀jẹ̀ ń bẹ àwọn aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, nítorí pé oríṣi kan tí à ń pè ní Ro wọ́pọ̀ láàárín wọn ju láàárín àwọn òyìnbó lọ. Bí a kò bá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé wò, a kò lè mọ ohun tí yóò bá wọn lára mu.

Nísinsìnyí ni ó yẹ kí a rántí omidùn. Ní ibi tí ìmọ̀ àti ẹ̀rọ bá ti pé, àpò ẹ̀jẹ̀ kan a máa di mẹ́ta: hóró pupa fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù, hóró wẹ́wẹ́ fún ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ, plásímà fún oògùn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, odidi àpò náà ni a ṣì ń fún aláìsàn kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé hóró pupa nìkan ni ó nílò. Ibi tí a bá sì ti ya plásímà sọ́tọ̀, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù kì í sábà di oògùn. Òkè òkun ni a ti ń ra albumin, anti-D àti oògùn hemofílíà wá, a sì ń fi owó ńlá rà wọ́n. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Gúúsù Áfíríkà ti ń ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, Íjíbítì náà sì ti dáwọ́ lé e. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ tiwọn dára ju tiwa lọ. Ohun tí ó mú wọn ṣáájú ni olùtọrẹ púpọ̀, àyẹ̀wò tí kò ní àbùkù, iná tí kì í kú lórí ẹ̀rọ amúǹkan-dì, àti àwọn tí ó kàwé dé ibi tí wọ́n lè ṣe alábòójútó gbogbo rẹ̀.

Àwọn ìgbésẹ̀ kan ti wáyé níhìn-ín. Ní ọdún 2016, Temie Giwa-Tubosun dá LifeBank sílẹ̀ ní Èkó, iṣẹ́ tí ó ń fi alùpùpù gbé ẹ̀jẹ̀ nínú àpótí tútù la àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kọjá lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọdún 2021, òfin ìjọba àpapọ̀ dá National Blood Service Commission sílẹ̀ láti máa ṣe àkóso ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n alùpùpù kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ tí kò sí, òfin kò sì lè ka àwo àyẹ̀wò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù láti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Àwọn kan rò pé a ó fi ṣe oògùn owó. Àwọn mìíràn rò pé ẹ̀jẹ̀ àwọn yóò tán. Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà márùn-ún, èyí tí a ń gbà kò sì tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ara a máa dá omi tí ó lọ padà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, a sì máa dá hóró pupa padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó kílógíráàmù 50, tí ara rẹ̀ sì le, lè fi tọrẹ. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá, tí kò gba owó, ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe é gbọ́kàn lé jù, nítorí pé kò ní ìdí láti purọ́ nígbà tí a bá bi í ní ìbéèrè.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Olùtọrẹ kò lè ya ẹ̀jẹ̀ sí mẹ́ta, ọ̀mọ̀wé kò sì lè dá ẹ̀jẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ìyá tí ó ń bímọ ní Lákọ̀wé ní òru òní ń fẹ́. Ó ń fẹ́ aládùúgbò tí ó ti na apá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá láìmọ ẹni tí yóò lò ó, ó sì ń fẹ́ ẹni tí ó ti jókòó ti ìwé fún ọdún púpọ̀ kí ó lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú pé, “Èyí yóò bá a mu, ẹ gbé e wá.” Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá fẹ́ràn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí lónìí lè di èkejì nínú wọn. Bí ó bá sì di ẹni ọdún 18, kò sí ohun tí ó ní kí ó má di èkíní pẹ̀lú.